Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ lọ wọn òjìji Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, máàkì ìdánwò ni ò jẹ́ kí n ráyè, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá ọmọ kan dá mi dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé, ó ní "Àǹtí, ẹ má bínú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ wọn ní mátíìsì, kí lẹ kó àwọn ọmọ lọ ṣe nílé ère ní Ifẹ̀?" Ìbéèrè ẹ̀ ò bí mi nínú rárá. Èmi náà ti bi ara mi rí, ó sì tó ọdún mélòó kan kí n tó rí ìdáhùn ẹ̀.

Ọ̀yọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, JSS 2 ni mò ń kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀lé àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, ilé ìwé míì ni mo wà nígbà yẹn, a kó ọmọ tó lé ní ọgọ́ta sínú bọ́ọ̀sì méjì, kálukú wọ yunifọ́ọ̀mù tó mọ́ tónítóní, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Ìgbà tá a débẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ níwájú, àwọn tó wà níwájú ń da ohun tí wọ́n kọ sára páálí kọ sínú nóòtù láìgbé ojú sókè wo ère tí wọ́n kọ páálí yẹn fún, àwa tíṣà sì ń pariwo "ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án", kó tó pé ìdajì wákàtí a ti wo gbogbo ilé yẹn tán, a ti wà níta. Nígbà tó di Mọ́ńdè mo ní kí kálukú kọ ohun tó rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ ọ́ pé àwọn rí ère púpọ̀, mínírà sì tutù dáadáa.

Ó dùn mí gan-an ni. Kì í ṣe àwọn ọmọ ni mo bínú sí, torí a ò fún wọn ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n máa fi ojú wọn ṣe níbẹ̀. Owó àwọn òbí ni wọ́n fi wọ bọ́ọ̀sì yẹn o.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà káàkiri lórí fóònù, níbẹ̀ ni mo ti bá Philip Yenawine pàdé, òun ló jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Museum of Modern Art ní New York nígbà kan, òun àti Abigail Housen ni wọ́n jọ gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí kò le rárá, ìbéèrè mẹ́ta péré ni tíṣà máa bèèrè níwájú iṣẹ́ ọnà. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí? Kí lo rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Kí la tún lè rí? Ó parí. Tíṣà ò ní sọ pé o gbà á tàbí o kùnà, ó kàn máa tún ọ̀rọ̀ ọmọ sọ kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́ ọ ni. Ìbéèrè kejì yẹn ló mú mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn ọmọ jà nínú kíláàsì mátíìsì pé mi ò fẹ́ ìdáhùn nìkan, ẹ fi bẹ́ ẹ ṣe dé ìdáhùn yẹn hàn mí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i. "Kí lo rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀", ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn, àwọn kan ló ń bèèrè ẹ̀ níwájú ère.

Mo sì tún rí ìwádìí kan tó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù Crystal Bridges ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà ní 2011, ilé ìwé tó fẹ́ wá pọ̀ ju àyè tó wà nílẹ̀ lọ, ni àwọn olùwádìí University of Arkansas bá ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé, kí àwọn kan kọ́kọ́ lọ kí àwọn yòókù dúró de ìgbà míì, kí àwọn lè fi àwọn tó ti lọ wé àwọn tí kò tíì lọ. Ọmọ tí wọ́n wò fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 11,000, láti ilé ìwé 123. Wọ́n wá gbé àwòrán tí àwọn ọmọ ò rí rí síwájú wọn pé kí wọ́n kọ nípa ẹ̀, àwọn tó ti lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ń wò ó fínnífínní ju àwọn tí kò lọ, wọ́n sì ń mú ẹ̀rí jáde látinú àwòrán náà. Àwọn tó jèrè ẹ̀ jù ni ọmọ ìgbèríko àti ọmọ tí òbí wọn ò rí já jẹ. Ìdajì ọjọ́ péré ni wọ́n lò níbẹ̀ o! Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo wá wo àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Lọ́dún tó kọjá ni mo lọ bá ọ̀gá wa nílé ìwé, mo ní mo fẹ́ kó ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ sí Ifẹ̀, kíláàsì kan ṣoṣo, tíṣà mẹ́rin, nǹkan mẹ́ta péré la sì máa wò. Ọ̀gá ní mẹ́ta ṣá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, mẹ́ta. Àwọn òbí míì náà ò fẹ́ gbọ́, wọ́n ní bí wọ́n bá ti sanwó ó yẹ kí ọmọ dé ibi márùn-ún. Mi ò gbà. Ọmọ tó bá wo nǹkan márùn-ún níbi tó ti ń sáré kò wo ìkankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi múra sílẹ̀. Mo wá àwòrán ère orí tí wọ́n fi idẹ ṣe ní Ifẹ̀ àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì láìsọ nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, ta nìyí, ọkùnrin ni àbí obìnrin, kí ló dé tí wọ́n fi ilà bo gbogbo ojú ẹ̀. Mo ní kí ẹ̀yin náà wò ó.

Ibi tí mo gbádùn jù nínú ìmúrasílẹ̀ yẹn ni èyí tí bọ̀dá tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì ṣe. Ẹ mọ̀ pé ìda ni wọ́n fi ń ṣe àwọn orí idẹ yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú orí, wọ́n á wá fi ìda oyin bò ó, ara ìda yẹn ni wọ́n ti máa ya imú, ètè, ilà, gbogbo ẹ̀, kí wọ́n tó tún fi amọ̀ bo ìta. Bí wọ́n bá gbé e sórí iná, ìda á yọ́ ṣàn jáde, àyè tó fi sílẹ̀ ni wọ́n máa da idẹ gbígbóná sí. Bó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ dànù. Àwa ò ní idẹ, a ò sì lè gbé irú iná yẹn sí àárín ọmọdé, àbẹ́là la lò, àwọn ọmọ fi ìda ẹ̀ mọ ẹyẹ kékeré àti ìjàpá, wọ́n fi amọ̀ odò bò ó, àwa tíṣà la gbé e sórí ẹ̀yinná, símẹ́ńtì tó ṣàn la wá dà sínú ẹ̀. A ṣe méjìlá, márùn-ún bẹ́ lórí iná. Mo rò pé inú àwọn ọmọ máa bàjẹ́ ni, àfi bí bọ̀dá yìí ṣe ní kí wọ́n wo èyí tó bẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó fà á. Ọmọbìnrin kan tẹ amọ̀ ẹ̀, ó ní inú ẹ̀ ṣì tutù. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, amọ̀ ò tíì gbẹ dénú, omi tó wà nínú ẹ̀ di oru, oru ń wá ọ̀nà jáde, ó sì fọ́ amọ̀. Ẹ̀kọ́ oru omi tí wọ́n ti dà kọ sínú nóòtù ní tááàmù kìíní nìyẹn o, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wọn.

Èmi náà rí tèmi níbẹ̀. Mo yá sìkéèlì lọ́wọ́ màmá tó ń ta ẹja dídì, a wọn ìda. Idẹ wúwo ju ìda lọ ní bí ìlọ́po mẹ́sàn-án, tórí náà ẹni tó bá lo ìda 200 giramu gbọ́dọ̀ ní idẹ tó tó 1.8 kilo nílẹ̀ kó tó dá iná, bí kò bá tó, imú ère lè má jáde. Réṣíò lásán ni, réṣíò tí wọ́n máa ń sá fún, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Mo wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ kan wà nínú àwọn ti Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọbalùfọ̀n, ìbojú ni, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùlà ni wọ́n fi ṣe é. Bàbà kì í yọ́ àfi bí iná bá dé 1085°C, bó bá sì yọ́ kì í fẹ́ ṣàn bí idẹ, ó tún máa ń gba afẹ́fẹ́ sínú. Ọmọkùnrin kan tí bàbá ẹ̀ jẹ́ wẹ́dà ní "Ma, iná wo ni wọ́n lò?" Mo ní èédú àti ẹwìrì. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ.

Ọjọ́ pé, a gbéra ní bí aago mẹ́fà àárọ̀, a gba Fìdítì wọ Ìbàdàn, gòsílóò Ọ̀jọ́ọ̀ dá wa dúró díẹ̀, a gba Aṣejírè dé Ìkirè. Wọ́n ra dòdò Ìkirè, mi ò lè ní kí wọ́n má rà á. Àwọn mẹ́rin kan wà tí òbí wọn ò lè san owó, àwa tíṣà la dá a láàárín ara wa.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn la kọ́kọ́ lọ, torí oòrùn. Bó bá ti kan ọ̀sán gangan òjìji ò ní gùn mọ́, mo fẹ́ kó jẹ́ bí aago mẹ́wàá. Òkúta gíga tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára ni, ìtàn wa ló sì sọ pé Ọ̀rànmíyàn tó ni ọ̀pá yìí náà ló tẹ Ọ̀yọ́ dó, ẹ wá wo ojú àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ níwájú ẹ̀! Ọ̀kan ń pariwo pé "bàbá wa ló ni ín", òmíràn ń bá mi wá ibi tó máa dúró sí. A ò fọwọ́ kan òkúta yẹn rárá o, ilẹ̀ la tẹ́ tépù sí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni mo pín wọn sí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọmọ kan, wọ́n wọn gíga ẹ̀, wọ́n wọn òjìji ẹ̀, wọ́n wá wọn òjìji ọ̀pá. Bí ọmọ tó ga ní mítà 1.5 bá ní òjìji mítà 1.2, tí òjìji ọ̀pá sì jẹ́ 4.4, mélòó ni gíga ọ̀pá? Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ṣírò. Ìkan ní 5.5, ìkan ní 5.6, ìkan ní 5.7, ẹgbẹ́ kẹrin ní 5.3.

Báwo ni òkúta kan ṣe máa ní gíga mẹ́rin? Mi ò dá wọn lóhùn. Wọ́n tún un wọ̀n fúnra wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé ọmọ tí ẹgbẹ́ tó ní 5.3 lò ti ṣí fìlà nígbà tí wọ́n ń wọn gíga ẹ̀, ó sì ti dé e padà nígbà tí wọ́n ń wọn òjìji. Fìlà ló fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kún òjìji ẹ̀. Ohun tí ìwé máa ń sọ ni pé ọ̀pá yẹn ga tó bí mítà 5.5, mi ò sọ fún wọn títí a fi wọ bọ́ọ̀sì, nígbà tí mo sọ ọ́, ariwo tí wọ́n pa, dírẹ́bà wo ẹ̀yìn.

Ibẹ̀ la ti lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ààfin Ọọ̀ni, tí wọ́n ṣí ní 1954. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la lò níwájú orí kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ le, wọ́n ń yí ara, wọ́n ń fi igunpá ta ara wọn. Lẹ́yìn ẹ̀ ọmọ kan ní "Ma, ọrùn ẹ̀ ṣẹ́ po bíi ti ọmọ tuntun tó sanra." Kí lo rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Ó fi ìka tọ́ka àwọn ilà ọrùn yẹn látòkèèrè. Òmíràn ní ẹni yìí ń jẹun dáadáa nìyẹn, olówó ni, òmíràn ní rárá ọba ni, ló bá di àríyànjiyàn. Nígbà tó kan àwọn ilà tó bo ojú, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ àbàjà, wọ́n mọ gọ̀m̀bọ́, wọ́n mọ pélé lára àwọn bàbá àgbà wọn, àwọn kan ní ilà ni, ọmọbìnrin kan ní kò lè jẹ́ ilà torí ó bẹ̀rẹ̀ látòkè iwájú orí lọ sí àgbọ̀n láìdáwọ́ dúró, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọ irú ẹ̀ fún òun? Àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ò fẹnu kò lórí ẹ̀ títí dòní, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé ìbéèrè wà tí ìdáhùn ẹ̀ ò sí lẹ́yìn ìwé.

Nǹkan kẹta ni àpáàdì. Ní Ifẹ̀ àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, wọ́n á gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tò ó bí eegun ẹ̀yìn ẹja, ìtàn sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwoo, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ kí ẹsẹ̀ òun má bàa kan ẹrẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní igun àti bátánì, ẹ fi àwòrán ẹ̀ hàn wọ́n. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn torí òjò ti ṣú nígbà tá a débẹ̀, a ò rí i wò tó bí mo ṣe fẹ́.

Nígbà tá a padà sí Ọ̀yọ́ ni iṣẹ́ wá pọ̀. Màmá tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá ní kí wọ́n kọ àròkọ alápèjúwe nípa orí yẹn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà "rẹwà", ọmọ tó bá fẹ́ sọ pé ó rẹwà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí. Ọmọ tó máa ń kọ ìlà mẹ́fà kọ ojú ewé kan àtààbọ̀. Nínú Social Studies, wọ́n gbọ́ pé ní 1938 ni àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ hú àwọn orí yẹn jáde, pé ọ̀kan wà ní British Museum ní London láti 1939, pé William Bascom ará Amẹ́ríkà náà kó méjì lọ àmọ́ ó dá wọn padà ní 1950. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Àwọn kan ní kí wọ́n dá ti London padà lọ́la, àwọn kan ń bèèrè ẹni tó tà á.

Èmi wá gbé àwòrán ère ọba tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ ní 1957 fún wọn, mo ní ẹ fi rúlà wọn orí ẹ̀, ẹ wọn gbogbo ara ẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀kan sí mẹ́rin ni. Ẹ wá wọn ara yín. Wọ́n fi tépù wọn ara wọn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí ẹni tí orí ẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ara ẹ̀, àgbàlagbà tiẹ̀ máa ń tó bí ẹ̀ẹ̀kan sí méje. Ṣé ẹni tó ṣe é ò mọ ìṣirò ni? Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mi dìde, ó ní "Ma, ó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ojú ẹ̀, ó ṣe imú àti ètè bó ṣe yẹ, tó bá fẹ́ ṣe orí kékeré á ṣe é. Orí ló kà sí jù." Mo jókòó. Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin tíṣà tó ń ka èyí máa sọ, owó epo ti wọ́n, bọ́ọ̀sì kò ṣeé gbé. Òótọ́ ni, a ò lè lọ Ifẹ̀ ní gbogbo tááàmù. Àmọ́ Ọ̀yọ́ la wà o, ìlú tí wọ́n ti ń fín igbá, tí wọ́n ti ń fi awọ ṣọnà, tí òpó gbígbẹ́ wà láàfin. Ní tááàmù tó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ la fi rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń fín igbá, a kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, a gbé obì dání. Bàbá fi ẹnu ọ̀bẹ pín ojú igbá sí mẹ́jọ lójú wa, wọn ò lo kọ́ńpáàsì, wọn ò lo okùn, àwọn ọmọ wá fi protractor wọn igun kọ̀ọ̀kan, 44, 46, 45, 45, ẹnu yà wọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ lọ sílé ìwé ni?" Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìyẹn, àfi obì.

Ìyá ọmọ tó dá mi dúró lẹ́nu géètì, mo fi ìwé ọmọ ẹ̀ hàn án, ibi tí wọ́n ti ya òjìji. Ó wò ó pẹ́, ó ní nígbà wo la tún ń lọ.

Tááàmù tó ń bọ̀ ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́, Èsìẹ́ ni mo fojú sí, lápá Kwara lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Òkúta yẹn, tí wọ́n ń pè ní soapstone, rọ̀ gan-an, èékánná lè ha á, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé gbẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ fi èékánná kan èyí tó wà níbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n ti ha tiwọn nínú kíláàsì ká tó gbéra. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí ègé òkúta bẹ́ẹ̀ rà, kó má tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo nílò bíi mẹ́fà.